Ohun Tí Mẹ́táàlì So Mọ́ Nínú Ọ̀sà Ológe

Ọ̀sà Ológe, tó wà ní ìtòsí Ìjànìkín àti Ọ̀tọ̀-Àwórì ní ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, kì í níyọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, nítorí pé odò Owo ló ń tú omi sínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹnu tó já sí òkun ní tààrà. Omi rẹ̀ ní láti gba ipa omi Àgbádárìgì kọjá kó tó rí ọ̀nà dé ẹnu òkun ní Èkó. Láti Agbára, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá kóra jọ sí ní ìhà Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni omi ìdọ̀tí ti ń ṣàn wá bá ọ̀sà yìí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ìdí sì nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa ẹja ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ fi ń bu omi, ẹrẹ̀, ẹja àti ewéko ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ iye òjé, bàbà, síńkì àti irin tó wà nínú wọn. Iye yẹn ló máa ń dé etí ará ìlú. Ohun tí kì í sábà dé etí wọn ni pé iye mẹ́táàlì nínú omi kò tó láti fi mọ̀ bóyá yóò pa ẹ̀dá lára, àfi tí ènìyàn bá tún mọ ohun tí mẹ́táàlì náà so mọ́.

Mẹ́táàlì bíńtín ni wọ́n ń pe irú àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé ìwọ̀n wọn nínú omi kéré débi pé ìdá mílíọ̀nù gíráàmù kan, tí à ń pè ní máíkírógíráàmù, ni wọ́n fi ń kà wọ́n nínú lítà omi. Àwọn kan wà nínú wọn tí ara kò lè ṣe aláìní, bíi bàbà, síńkì àti irin; àwọn mìíràn, bí òjé, kádímíọ̀mù àti mákúrì, kò wúlò fún ara ènìyàn rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìmọ̀ràn lélẹ̀ pé kí òjé inú omi mímu má kọjá máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, kí kádímíọ̀mù má kọjá 3, ṣùgbọ́n ó gba bàbà láàyè títí dé 2,000. Ẹni tó bá ka èyí lè rò pé bàbà kò ní wàhálà, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn ti tó láti pa àwọn ẹranko omi tín-tìn-tín tí ọmọ ẹja ń jẹ, bí omi náà bá jẹ́ èyí tí kò ní ohun púpọ̀ nínú.

Inú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí bàbà bá yọ́ sínú omi, ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń gbé agbára iná mànàmáná dání, irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní íọ́ọ̀nù. Íọ́ọ̀nù bàbà tó dá wà dà bí àpọ́n tó ń wá aya kiri: ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ló máa dìmọ́, bí èyí tó wù ú jù bá sì dé, yóò fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó lè dìmọ́ èròjà inú òkúta ẹfun tó ti yọ́ sínú omi, ó lè dìmọ́ ara amọ̀ tó ń léfòó, ó lè dìmọ́ ìdógùn-ún irin, ó sì lè dìmọ́ ohun tó jáde lára ewé jíjẹrà. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú garawa omi kan ṣoṣo. Ní 1953, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Irving àti Williams, ṣàlàyé ìdí tí bàbà fi máa ń dìmọ́ nǹkan gírígírí ju síńkì, níkẹ́ẹ̀lì àti máńgánísì lọ. Ìlànà tí wọ́n tò kalẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní.

Nínú àwọn ohun tí mẹ́táàlì ń dìmọ́, èyí tó jáde lára ewé jíjẹrà yẹ ní àfiyèsí jù lọ ní ilẹ̀ Àwórì, nítorí pé ilẹ̀ àbàtà ló pọ̀ níbẹ̀. Omi tó bá ti inú irà ọ̀pẹ ràfíà jáde máa ń pọ́n bíi ti agbo, àwọ̀ yẹn kì í sì í ṣe ìdọ̀tí: ásíìdì tó ń wá láti ara ewé, èèpo àti gbòǹgbò tó ti rà ni. Ásíìdì wọ̀nyí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí mẹ́táàlì lè so mọ́, débi pé nínú ọ̀pọ̀ odò àti adágún, èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bàbà tó yọ́ sínú omi ni wọ́n ti gbà mọ́ra, tí èyí tó dá wà kò sì ju ṣíún lọ. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí omi tó mọ́ kedere lójú jẹ́ èyí tí yóò pa ẹja, kí èyí tó dúdú sì dáàbò bò ó, bí iye bàbà inú àwọn méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba.

Ibi tí mẹ́táàlì ti ń kọ lu ẹja ni ara pupa tó fi ń mí, èyí tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ní ààyè tí íọ́ọ̀nù bàbà lè so mọ́, bó bá sì ti jókòó síbẹ̀ tán, ẹja kò ní lè gba iyọ̀ tó nílò láti inú omi mọ́, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì kú. Nítorí náà, ara ẹja pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń du bàbà. Bí kálísíọ̀mù bá pọ̀ nínú omi, kálísíọ̀mù ni yóò gba ààyè yẹn, bàbà yóò sì wà níta. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ níbi tí òkúta ẹfun bá wà nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì. Ilẹ̀ iyanrìn etí òkun Ìjànìkín kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ lókè, omi rẹ̀ rọ̀, ààbò kálísíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ sì kéré. Ní 2001 ni àwọn onímọ̀ kan tí Di Toro ṣáájú wọn fi ìṣirò gbé gbogbo ìdíje yìí kalẹ̀, nígbà tó sì di 2007, ìjọba Amẹ́ríkà gbà á ní ìlànà fún bàbà nínú omi tí kò níyọ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tó wà nínú omi odò kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí mẹ́táàlì ṣe ń yí padà kò nílò yàrá ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ilé ní ọ̀nà Àgbádárìgì ló ní bọ́ọ̀hóòlù tí omi rẹ̀ máa ń mọ́ gaara nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n tí yóò di pípọ́n bí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú garawa, tí yóò sì kun ìsàlẹ̀ táǹkì àti aṣọ funfun. Irin ló fà á. Lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí atẹ́gùn kò sí, irin máa ń yọ́ sínú omi láìfarahàn. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, yóò dógùn-ún, yóò di ègé tín-tìn-tín aláwọ̀ osùn, yóò sì rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ègé náà kì í sì í dá rọ̀: òjé, síńkì àti bàbà máa ń lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n á sì jùmọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tí álọ́ọ̀mù ń ṣe nínú omi kànga kò jìnnà sí èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdógùn-ún gbà, ásíìdì lè gbà á padà, torí pé bí omi bá ti ń kan sí i ni mẹ́táàlì ń tú kúrò lára ohun tó so mọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ etí òkun Èkó sábà máa ń kan díẹ̀, ó sì lè fa síńkì tàbí òjé jáde lára páìpù àti ẹ̀rọ omi bó bá sùn sínú wọn mọ́jú. Ẹni tó bá jẹ́ kí omi àárọ̀ ṣàn nù díẹ̀ kó tó bu èyí tí yóò mu kò ṣe àṣejù.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ó kàn le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́táàlì tó bá wọ ọ̀sà kì í pẹ́ nínú omi, ẹrẹ̀ ló ń bọ́ sí. Nínú ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, atẹ́gùn ti tán, kòkòrò àìfojúrí sì ti sọ èròjà imí-ọjọ́ di ohun tó lè di òjé, bàbà àti kádímíọ̀mù mú pinpin. Ó dára bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá rú ẹrẹ̀ náà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ní àwọn ọ̀sà Èkó ń rú u. Wọ́n ń gbé ẹrẹ̀ tó ti sùn fún ogún ọdún wá síbi tí atẹ́gùn wà, ohun tí imí-ọjọ́ ti dè yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mákúrì tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ yẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di irú èyí tó ń wọnú ẹran ara ẹja, irú èyí tó sọ àwọn ará Minamata ní Japan di aláàbọ̀ ara, tí àwọn dókítà sì kéde àìsàn náà ní 1956.

Fún ìdí yìí, ìwé àyẹ̀wò tó bá kọ iye kan ṣoṣo síwájú orúkọ mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ó yẹ kó sọ bí omi ṣe kan sí, bí èròjà ewé jíjẹrà ṣe pọ̀ tó, bí kálísíọ̀mù ṣe tó, àti bóyá wọ́n sẹ́ omi náà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Kódà asẹ́ tí wọ́n ń lò, tí ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 0.45, kì í dá gbogbo ìdógùn-ún dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí wọ́n pè ní yíyọ́ fi lè jẹ́ èyí tó so mọ́ ègé irin tó rá kọjá. Iyọ̀ náà ní ipa tirẹ̀: bí omi òkun bá fà wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kílóráìdì inú rẹ̀ máa ń fa kádímíọ̀mù kúrò lára amọ̀, yóò sì dá a padà sínú omi.

Iyọ̀ yìí kan náà ló ń pa ewéko tó ń léfòó tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ipa omi Àgbádárìgì ní 1984, tó ń ti ìhà Àjàṣẹ́ bọ̀. Ọ̀sà Ológe kò ní iyọ̀ tó láti pa á, ibẹ̀ sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa mẹ́táàlì mu púpọ̀, ju ewé rẹ̀ lọ, èyí tó mú kí àwọn kan máa pè é ní olùtún-omi-ṣe. Orúkọ yẹn kò bá a mu bí wọ́n bá kàn ń wọ́ ọ jáde, tí wọ́n ń kó o jọ sí etí omi, nítorí pé bó bá ti rà níbẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ yóò fọ ohun tó gbé jáde padà sínú ọ̀sà, tàbí kí ẹnìkan kó o lọ fi ṣe ajílẹ̀ oko ẹ̀fọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti wọn òjé àti kádímíọ̀mù inú gbòǹgbò rẹ̀ wò.