Ṣé O Mọ̀? Bọ́ǹbù Tí Kò Ju Àtẹ́lẹwọ́ Lọ

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ǹbù àfọwọ́jù kan ti dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba Nàìjíríà rí, láìbú rárá? Ìbàdàn níbí ni, l'Ágodi! Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, 1966, sójà kan tó ń jẹ́ T.Y. Danjuma wá mú olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, nílé gómìnà. Danjuma fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn náà pé bọ́ǹbù ọwọ́ wà lára òun. Adékúnlé Fájuyì, gómìnà tó jẹ́ onílé, kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pa ní Lálúpọn.

O rò pé bí sójà bá ti fa pínnì bọ́ǹbù ọwọ́ báyìí, ó bú nìyẹn? Ó tì o! Irin pẹlẹbẹ kan ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tó bá jù ú, tí irin yẹn ta dànù, ni àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ti M67 àwọn Amẹ́ríkà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 sí 5 lọ. Ó yá, bá mi kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin...

Eléyìí ló yà mí lẹ́nu jù: sójà lè ju M67 dé nǹkan bíi mítà 35, ṣùgbọ́n èérún irin rẹ̀ lè fò dé mítà 230! Ẹni tó jù ú gan-an gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ kíákíá.

Ǹjẹ́ o ti rí akọni inú fíìmù tó ń fi eyín fa pínnì? Má gbà á gbọ́ o, eyín ni yóò kọ́kọ́ yọ.

Bọ́ǹbù Mills, tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1915, ní ìlà-ìlà lára bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ṣé kí ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni? Rárá, kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́ ni! Nígbà kan, ìṣẹ́jú-àáyá 7 ló fi ń dúró kó tó bú. Ó pẹ́ jù: ọ̀tá ráyè ṣà á, ó sì jù ú padà fún olówó rẹ̀. Ni wọ́n bá gé e sí 4.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pani o. M18 kàn ń tú èéfín pupa, aláwọ̀ ewé, yẹ́lò tàbí àlùkò ni, kí hẹlikópítà lè mọ ibi tí yóò bà sí. Àní tajútajú tí ọlọ́pàá ń jù sáàárín èrò, tí gbogbo ayé fi ń sá kiri tomijé-tomijé, ọmọ ìyá bọ́ǹbù ọwọ́ ni!