Ọmọ Ọlọ́lọ Tí Ó Ka Ojú Ọ̀run Bí Ìwé

Ẹni tí ń fi afẹ́fẹ́ lọ ọkà kò gbọdọ̀ ṣàìmọ ojú ọ̀run. Bí ìjì bá dé lójijì, ọlọ lè bàjẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, iṣẹ́ dúró. Ẹ̀kọ́ yìí ni John Constable kọ́ kí ó tó di ọ̀gá láàárín àwọn tí ń fi ọ̀dà elépo ya ilẹ̀, odò àti igi.

Ọdún 1776 ni wọ́n bí i ní East Bergholt, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ní ọlọ tí omi ń yí àti èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà jogún iṣẹ́ ìdílé. Ọmọ ṣiṣẹ́ nídìí ọlọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní 1799, bàbá gbà kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó ní àwọn àgbà tí ó tẹ̀lé. Claude Lorrain kọ́ ọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn ká inú àwòrán. Ruisdael, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, fi hàn án pé àwọsánmà lè gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Gainsborough, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ Suffolk, jẹ́ kó mọ̀ pé ilẹ̀ ilé ẹni náà tó yà.

Ṣùgbọ́n kò fi mọ sí àdàkọ. Ó máa ń gbé àpótí ọ̀dà lé orúnkún nínú pápá, yóò so bébà mọ́ inú ìdérí rẹ̀, yóò sì sáré ya ohun tí ó rí kí ìmọ́lẹ̀ tó yí padà. Ọ̀dà elépo kì í tètè gbẹ. Ó lè po àwọ̀ kan mọ́ èkejì nígbà tí wọ́n ṣì tutù. Ní Hampstead, ní 1821 àti 1822, àwọsánmà nìkan ni ó yà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń kọ ọjọ́, wákàtí àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí ẹ̀yìn bébà.

Fún àwọn iṣẹ́ ńlá tí ìbú wọn sún mọ́ mítà méjì, ó máa ń kọ́kọ́ ya òmíràn tí ó tóbi bákan náà láti fi dán èrò rẹ̀ wò. Níkẹyìn, yóò fi ọ̀dà funfun tó ewé àti omi kí wọ́n lè máa dán bí ìrì. Àwọn kan fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní yìnyín ni.

Ní 1821, ó gbé The Hay Wain kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tí ó rà á níbẹ̀. Ní 1824, àwòrán yìí kan náà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà lọ́wọ́ Ọba Charles Kẹwàá ní Párìsì. Síbẹ̀, 1829 ni àwọn ọ̀gá Royal Academy tó gbà á sí àárín wọn ní kíkún, ó ti pé ẹni ọdún 52. Maria ìyàwó rẹ̀, tí ó dúró dè é fún ọdún méje kí wọ́n tó lè fẹ́ra, ti kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Constable kú ní 1837. Ilé National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ni The Hay Wain wà lónìí. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan nínú odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ bàbá rẹ̀.