Oògùn Àfikún Fún Àìsàn Ọpọlọ: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹbí Mọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi àwa Àfáà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọn á ní: "Àfáà, ọmọ wa ti ń lo oògùn ọsibítù. Kò gbọ́ ohùn àjèjì mọ́, kò dá sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá rán an ní nǹkan mẹ́ta, ọ̀kan ni yóò rà bọ̀. Bó bá ṣí ìwé, kò lè ka ojú ewé kan tán. Ṣé kò sí oògùn tí wọ́n lè fi kún èyí tó ń lò ni?"

Ìbéèrè yìí ṣe kókó, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti máa ń rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́, tí wọn yóò sì dá a dúró. Bí wọ́n bá dá a dúró, àìsàn náà sábà máa ń padà wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àìsàn náà ń gbà yọjú

Àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia ní ẹ̀ka àmì mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí gbogbo ará àdúgbò ń rí: kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kó gbà pé wọ́n fẹ́ pa òun, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ní orí má ní ìdí. Èkejì ni pé nǹkan kò ní wù ú ṣe mọ́: kò fẹ́ wẹ̀, kò fẹ́ jókòó láàárín ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni ti ìrònú: ìgbàgbé, àìlèfọkànsí nǹkan, kí ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó yé e. Ẹ̀ka yìí ló sábà máa ń pinnu bóyá yóò lè padà sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe agídí. Nígbà mìíràn, ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ohùn kankan tó dé.

Ní ọdún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi chlorpromazine, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Largactil, tọ́jú àìsàn ọpọlọ nílùú Paris. Oògùn náà àti àwọn tó tẹ̀ lé e, bíi haloperidol, risperidone àti olanzapine, ń dín agbára èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine kù nínú ọpọlọ. Wọ́n máa ń ran ẹ̀ka kìíní lọ́wọ́ dáadáa. Fún ẹ̀ka kẹta, ìrànlọ́wọ́ wọn kò tó nǹkan.

Àwọn àfikún tí wọ́n ti dán wò

Àwọn onímọ̀ ti fi donepezil àti galantamine, oògùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà, kún un. Wọ́n ti dán glycine àti D-serine wò. Àǹfààní tí wọ́n rí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù January 2025, àbájáde jáde lórí iclepertin, èyí tí wọ́n ṣe ní pàtó fún ìṣòro ìrònú yìí. Kò já sí ohun tí wọ́n ń retí. Ní September 2024, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tuntun kan, xanomeline pẹ̀lú trospium, pé kí aláìsàn máa dá a lò. Nígbà tí wọ́n fi ṣe àfikún sí oògùn mìíràn, àbájáde tó jáde ní April 2025 kò dé ibi tí wọ́n fojú sí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta "oògùn tó ń mú ọpọlọ pé" fún yín lórí WhatsApp, owó yín ló ń wá.

Àfikún tó lè dín ìrònú kù

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹbí fiyè sí jù. Haloperidol àti abẹ́rẹ́ olóṣooṣù lè mú kí ọwọ́ gbọ̀n tàbí kí ara le. Láti dẹ̀ ẹ́, dókítà máa ń fi Artane, tí wọ́n tún ń pè ní benzhexol, kún un. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan ni ó ń dí lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lò ó fún ọdún púpọ̀ lè máa gbàgbé ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o, nítorí ara líle lè padà dé. Ẹ bi dókítà pé: "Ṣé ó ṣì nílò Artane? Ṣé a lè dín in kù díẹ̀díẹ̀? Àbí kí a pààrọ̀ oògùn tó ń mú ara le?" Bí oògùn méjì tí ó lò dáadáa kò bá sì lé ohùn lọ, ẹ béèrè nípa clozapine, tó máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn yòókù kò ti ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé pọn dandan fún ẹni tó ń lò ó.

Ohun tí ilé lè ṣe

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrònú lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ àti eré ìdárayá ń ran ìrònú lọ́wọ́. Nínú ilé, ẹ fi nǹkan kan ṣoṣo rán an lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Bó bá fẹ́ padà sí ilé kéwú, kí Àfáà rẹ̀ má fún un ní odindi wàláà. Ìlà kan tó.

Rúkíyà àti oògùn kò bá ara wọn jà. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú, tó jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 2020, fi hàn láti Ìbàdàn àti Kumasi pé ara àwọn aláìsàn dá ju ti àwọn yòókù lọ níbi tí onítọ̀ọ́jú ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera. Ọsibítù ńlá tí Sultan Qalawun kọ́ ní Káírò ní 1284 náà tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kì í ṣe ìtọ́jú.

Kí Ràmàdánì tó dé, ẹ bi dókítà bóyá oògùn lè bọ́ sí àsìkò ìṣínu àti sààrì. Bó bá ní kò ṣeé ṣe, ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun (SWT) ṣe fún aláìsàn wà níbẹ̀ fún un.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì fún ẹbí wọn ní sùúrù. Àmín.