Bí Kánsù Ìlú Ṣe Ń Ṣe Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Pín Owó Ọdún

Ẹni tí ó bá ti dé Ìbàdàn yóò mọ Gbọ̀ngàn Mápó. Orí òkè ni ó wà, pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá níwájú rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ sì ni àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ètò ìlú ti jókòó fún ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo ilé náà láti òde, wọn a sì máa bá ọ̀nà wọn lọ sí Ọjà Ọba. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ti mọ̀wé kà wàyí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, nítorí ìwé ni iṣẹ́ kánsù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kánsù kò mọ̀ ọ́n.

Láyé ìjọba Òyìnbó, ọba àti àwọn ìjòyè ni ó ń ṣe ètò ìlú, Ajẹ́lẹ̀ sì ń wò wọ́n lẹ́yìn. Ní 1952 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tí ó dá kánsù tí a dìbò yàn sílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mínísítà tí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní 1954 Adégòkè Adélabú di Alága kánsù Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi pọ̀ lórí bí kánsù náà ṣe ń ṣe nǹkan, ìjọba sì mú Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Nicholson wá láti wádìí rẹ̀. Ìwé ìwádìí náà jáde ní 1956, wọ́n sì tú kánsù ká. Títí di òní ni àwọn àgbà Ìbàdàn ń jiyàn lórí ọ̀ràn yẹn, bóyá owó ni o tàbí òṣèlú. Àwa kò ní dá sí i.

Ní 1976, ìjọba ológun sọ ètò kánsù di ọ̀kan náà jákèjádò Nàìjíríà. Ní 1991, wọ́n pín kánsù ìgboro Ìbàdàn sí 5. Àwọn kánsù 6 mìíràn yí ìgboro náà ká. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 33 lápapọ̀, Nàìjíríà sì ní 774. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí kánsù tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ń gbé Bódìjà, kánsù Àríwá Ìbàdàn ni tirẹ̀, kò ní ohun tí yóò wá dé Mápó. Kí ènìyàn tó kọ ìwé, kí ó kọ́kọ́ mọ kánsù tí òun wà lábẹ́ rẹ̀, àti wọ́ọ̀dù tí òun wà.

Kí ni iṣẹ́ kánsù? Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà, gárééjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, itẹ́ òkú, àtúnṣe àwọn ọ̀nà kéékèèké àti gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ilẹ̀ àti ìdọ̀tí, fífún àdúgbò lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Kánsù ni ó ń fún oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́mọlanke, oníbárò àti ọlọ́kọ̀ ọpọ́n ní ìwé àṣẹ. Kódà, ẹni tí ń sin ajá wà lábẹ́ rẹ̀. Láìsẹ́nsì rédíò tí àwọn bàbá wa ń san láyé àtijọ́ ṣì wà nínú ìwé òfin náà. Kánsù tún ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn kéékèèké. Ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Èkó kì í ṣe tirẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn bá bàjẹ́, ẹ má bú kánsẹ́lọ̀.

Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni ẹ ó bá nínú kánsù. Èkíní ni Alága àti igbákejì rẹ̀, tí gbogbo ìlú dìbò yàn. Èkejì ni àwọn kánsẹ́lọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ni aṣòfin kánsù, wọ́n sì ní Olórí Ilé tí ń darí ìjókòó wọn. Ẹ̀kẹta ni àwọn òṣìṣẹ́: olórí òṣìṣẹ́, akápò, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń mójú tó iṣẹ́ ọ̀nà, nọ́ọ̀sì, wolé-wolé, àwọn agbowó ọjà àti àwọn akọ̀wé. Olóṣèlú a máa wá, a sì máa lọ. Òṣìṣẹ́ ni ó ń dúró. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìwé yín wà, akọ̀wé ni kí ẹ bi, kì í ṣe Alága.

Bí ìpàdé kánsẹ́lọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n a kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tí ó wá. Tí wọn kò bá pé iye tí òfin sọ, ìpàdé kò lè gbé ìpinnu kankan kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé yóò ka ìwé ìpàdé tí ó kọjá, èyí tí a ń pè ní mínítì. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò tún un ṣe bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ẹnìkan yóò dá a lábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn yóò sì kín in lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ẹgbẹ́ ìjọ, ẹ mọ ètò yìí dáadáa. Lẹ́yìn mínítì ni wọ́n ń wo ohun tí a ti ṣe lórí àwọn ìpinnu àná, lẹ́yìn náà ni ìròyìn àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké, kí ọ̀rọ̀ tuntun tó wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe òfin, bíi pé kí ẹnikẹ́ni má da ilẹ̀ sínú gọ́tà, wọ́n a kà á nígbà mẹ́ta. Ìgbà kejì ni àríyànjiyàn máa ń wà.

Àmọ́ kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ni iṣẹ́ gan-an ti ń parí. Inú ìgbìmọ̀ kékeré ni. Ọ̀kan ń rí sí ìlera, ọ̀kan sí iṣẹ́ ọ̀nà, ọ̀kan sí ẹ̀kọ́. Èyí tí ó lágbára jù ni ìgbìmọ̀ ìnáwó. Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ yìí bá ti pa tì, ó ṣòro kí ó tó gbérí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí owó.

Owó kánsù pín sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó ń ti òde wá, àti èyí tí kánsù ń pa fúnra rẹ̀. Èyí tí ó ń ti òde wá ni ó pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kánsù. Nínú ₦100 tí a bá pín láti inú àpò àpapọ̀ Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ń mú ₦52.68, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú ₦26.72, àwọn kánsù 774 sì ń pín ₦20.60. Nínú owó tí à ń san lé orí ọjà, tí gbogbo ayé ń pè ní VAT, ìpín ti àwọn kánsù jẹ́ ₦35 nínú ₦100. Ìdí nìyí tí ìyá tí ó ra páànù tàbí tí ó san owó fóònù fi lè sọ pé òun náà wà lára àwọn tí ń bọ́ kánsù.

Èyí tí kánsù ń pa fúnra rẹ̀ ni owó ìsọ̀, owó gárééjì, owó ìwé àṣẹ, owó odò ẹran, àti owó ilé tí onílé ń san. Owó yìí ni ó ń gba ọwọ́ yín kọjá, òun náà ni ó sì ń sọnù lójú ọ̀nà jù. Ètò rẹ̀ rọrùn. Agbowó gba ìwé rìsíìtì lọ́wọ́ akápò, nọ́ńbà sì wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gba owó, yóò já ewé kan fún ẹni tí ó sanwó, ẹ̀dà rẹ̀ yóò kù nínú ìwé. Bí ó bá padà dé ọ́fíìsì, iye tí ó wà lórí àwọn ẹ̀dà ni yóò san. Nítorí náà, bí ẹ bá san owó tí ẹ kò gba rìsíìtì, owó náà kò dé kánsù. Ẹ kàn fún ọkùnrin kan lówó ni.

Arábìnrin kan tí ń ta ẹ̀lùbọ́ wà ní kíláàsì alẹ́ wa. Nígbà tí ó fi máa lo oṣù mẹ́rin pẹ̀lú wa, ó mú rìsíìtì kan wá, ó ní kí a bá òun wò ó bóyá òun kà á dáadáa. ₦500 ni ó san. ₦200 ni ó wà lórí ìwé. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ó ní, “Láti ìgbà wo ni, tíṣà?” A kò mọ ohun tí a lè fi dá a lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti àwọn ìyá tí ìsọ̀ wọn wà nítòsí rẹ̀ kó rìsíìtì jọ, wọ́n gbé e tọ ìyálọ́jà wọn lọ, ìyálọ́jà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ akápò. Wọ́n pààrọ̀ agbowó náà.

Owó tí ó ń jáde náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó kàn ṣí àpótí kí ó fúnni lówó. Ẹ̀ka tí ó fẹ́ ná an yóò kọ ìwé, ẹni tí ó ní àṣẹ yóò fọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ kan yóò wò ó bóyá iṣẹ́ náà wà nínú ètò ìṣúná ọdún náà, bóyá owó sì kù ní ojú ibẹ̀, kí akápò tó san án. Lẹ́yìn ọdún, ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ti ìpínlẹ̀ fún àwọn kánsù, tí àwa ń pè ní ọ́dítọ̀, yóò yẹ ìwé wò. Ẹ kíyè sí ìbéèrè yẹn: ṣé ó wà nínú ìṣúná? Òun ni ó ń dá ọ̀pọ̀ nǹkan dúró.

Kí ni ìṣúná yìí, tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì? Ìyá tí ó mọ ilé tọ́jú mọ̀ ọ́n. Kí oṣù tó wọlé, ó ti mọ iye tí ó ṣeé ṣe kí ó wọlé, ó sì ti pín in lọ́kàn: ti oúnjẹ, ti owó ilé-ìwé, ti àjọ, ti àárẹ̀. Kánsù ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ó ń ṣe é, ó sì di òfin. Ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, ó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Apá méjì ni. Apá kan jẹ́ ìnáwó ojoojúmọ́: owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, epo ọkọ̀, bébà. Apá kejì jẹ́ iṣẹ́ tí yóò pẹ́ kí ó tó gbó: gọ́tà, ìsọ̀, kànga, yàrá ìwòsàn. Owó oṣù ni a kọ́kọ́ ń yọ, títí kan ti àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni wá, a kò lè sọ pé kí wọ́n má san án. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ohun tí ó máa ń kù fún gọ́tà kì í pọ̀.

Nǹkan bí agbedeméjì ọdún tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ ìṣúná ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n a fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n nílò ní ọdún tí ń bọ̀. Olúkúlùkù a sì kọ ju ohun tí yóò rí gbà lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ń béèrè aṣọ ọdún. Akápò àti ìgbìmọ̀ ìnáwó yóò wá jókòó láti gé e. Bí wọ́n bá gé e tán, Alága yóò gbé e wá síwájú àwọn kánsẹ́lọ̀. Àwọn yẹn yóò pe olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá sọ tẹnu rẹ̀, wọn yóò yọ, wọn yóò fi kún, wọn yóò sì sọ ọ́ di òfin kí ọdún tuntun tó dé. Bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún, Alága lè mú ìṣúná àfikún wá, tàbí kí ó bẹ àwọn kánsẹ́lọ̀ pé kí owó kúrò lójú iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Ọ̀nà yẹn kò rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó pé gọ́tà ọjà yín dí, omi sì ń wọ ìsọ̀. Nígbà wo ni ẹ máa ń rántí kọ ìwé? Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ ni, ní oṣù Kẹfà. Àmọ́ ìṣúná ọdún yẹn ti di òfin tipẹ́. Kánsù lè rán àwọn wolé-wolé wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé náà bá sì wà nínú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí nígbà tí wọ́n ń kọ ìṣúná tuntun, ọdún tí ń bọ̀ náà ti lọ nìyẹn. Ní ọwọ́ yìí, àwọn tí ó mọ ìgbà ni ó ń rí gọ́tà ṣe, kì í ṣe àwọn tí omi ń yọ lẹ́nu jù.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó ti ń da kánsù láàmú. Òfin 1999 sọ pé kí owó àwọn kánsù tí ó wà ní ìpínlẹ̀ kan gba inú àpò àjùmọ̀ní kan tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó. Ọ̀pọ̀ kánsù ló ń ké pé owó kì í dé ọwọ́ wọn tán. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti di owó kánsù mú, pé a lè san án fún kánsù tààrà, àti pé kánsù tí a kò dìbò yàn kò bá òfin mu. Títí di 2025, àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí bí wọn yóò ṣe mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Tí kánsẹ́lọ̀ bá sọ fún yín pé owó kò tíì wọlé, ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè máà jẹ́ òótọ́. Ẹ ní kí ó fi ìwé ìṣúná hàn yín. Òfin ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ ìwé béèrè ìwé ìjọba, ọ́fíìsì náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin yìí de gbogbo ìjọba, títí kan ti ìbílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìwé, kí ó jẹ́ ojú ewé kan. Ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù yín, ibi tí iṣẹ́ náà wà, bí ó ti gùn tó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀, àti iye ìsọ̀ tàbí ilé tí ọ̀ràn náà kàn. Ẹ jẹ́ kí kánsẹ́lọ̀ yín mọ̀ sí i. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì gbé e lọ kí oṣù Kẹjọ tó parí. Kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbà á. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi í ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìnáwó yóò jókòó, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn ìwé yín.