Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Oògùn tí a ń Dá Dúró

Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945 ni Franklin Roosevelt, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kú. Ó ní orí ń fọ́ òun gan-an. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga dé 300 lórí 190. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà máa ru, kí ó lè rí ọ̀nà gba inú iṣan tí ó ti le kọjá.

Ní ọdún 1948, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí tọpa ènìyàn 5,209 ní ìlú Framingham, ní Massachusetts. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti sìgá mímu a máa ṣáájú àrùn ọkàn ní ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ohunkóhun kò tíì dun ẹni náà.

Bí a bá wá fi oògùn rọ ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀ ńkọ́? Dókítà Edward Freis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn ní ọdún 1967. Ọkùnrin 143 tí wọ́n ti jagun rí, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru gidigidi, ni wọ́n lò. Wọ́n fún 73 ní oògùn, wọ́n sì fún 70 ní hóró tí ó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní agbára. Kò sí aláìsàn tí ó mọ èwo ni tirẹ̀. Nínú àwọn 70 yìí, àìsàn ńlá kọlu 27, mẹ́rin sì kú. Nínú àwọn 73, méjì péré ni ó kọlù. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Àwa tí a ń sin òkú mọ ohun tí àwọn opó sábà máa ń sọ fún wa: “Ara wọn ti yá, ni wọ́n ṣe dá oògùn dúró.” Oògùn náà ni ó ń mú ara yá. Kò dàbí oògùn ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣe ni ó ń di ẹ̀jẹ̀ mú, bí a bá sì jáwọ́, yóò tún gòkè. Kí àwọn alùfáà ẹlẹgbẹ́ wa tí ń ní kí aláìsàn da oògùn nù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìgbàgbọ́ rántí pé Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìnrìn àjò, oníṣègùn ni.

Bí owó bá ni ìdíwọ́, kí a sọ fún dókítà. Hydrochlorothiazide, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí Freis lò, ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn olóògùn títí di òní, kò sì wọ́n.