Ẹ̀rọ Oníbẹntiróòlù Tàbí Onídísù: Èwo Ni Ó Yẹ Ilé Gàrí?

Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ti kọjá lórí rẹ̀, inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kò sì ní í ṣe é fi ṣe gàrí tí ó dára mọ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní ilẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo àríwá Èkìtì, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ ilé gàrí gbára lé. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn tí ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn tí ń fún un àti àwọn tí ń yan gàrí yóò káwọ́ gbera, ohun tí àgbẹ̀ fi odidi ọdún kan gbìn yóò sì máa jẹrà lọ nínú agbọ̀n.

Ní ibi púpọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ẹ̀rọ, àwọn obìnrin a sì máa san owó fún un lórí abọ́ tàbí àpò kọ̀ọ̀kan tí ó bá rin. Bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan bá wá pinnu láti dá owó jọ kí wọn lè ra ti ara wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò dojú kọ wọn ni pé, ṣé oníbẹntiróòlù ni kí wọn rà, tàbí onídísù? Òǹtajà yóò sọ pé oníbẹntiróòlù kò wọ́n. Òtítọ́ ni. Mẹkáníìkì yóò sọ pé onídísù ni ó lálòpẹ́. Òtítọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dáhùn ìbéèrè náà nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni iye wákàtí tí ẹ̀rọ náà yóò máa fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyàtọ̀ àwọn ẹ̀rọ méjèèjì wà nínú bí iná ṣe ń ràn nínú wọn. Nínú ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ a ti dàpọ̀ kí wọn tó wọ inú ẹ̀rọ. Písítìnì a fún wọn pọ̀, púlọ́ọ̀gì a sì ta iná pàrá sí wọn. Ẹ̀rọ onídísù kò ní púlọ́ọ̀gì rárá. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà sínú, a sì fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí àyè tí ó gbà yóò fi dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 16 tàbí 20 ti tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi póm̀pù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí póm̀pù náà a máa gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ yìí ṣe ń gbóná, kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí nọ́sù bá tú sí i yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ dáradára, ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897, orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ àti epo náà sì ń jẹ́ títí di òní.

Nítorí agbára ìfúnpọ̀ yìí, irin tí ó nípọn ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹ̀rọ onídísù. Ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ti ẹṣin márùn-ún kò wúwo ju bí kílò 15 lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè gbé e kọ́ apá. Onídísù kékeré tí ó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, tí agbára rẹ̀ súnmọ́ èyí, tó nǹkan bí kílò 60, àwọn tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀ a sì máa kọjá kílò 130. Irin púpọ̀, owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n onídísù ń rí agbára tí ó pọ̀ jù fà jáde nínú epo, kì í sì í sáré púpọ̀. Níbi tí oníbẹntiróòlù ti ń yí ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, onídísù kékeré lè máa yí ìgbà 2,400. Ẹ̀rọ Lister ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1920, kò yí ju nǹkan bí ìgbà 600 lọ, àwọn kan nínú wọn sì pẹ́ ju ẹni tí ó rà wọ́n lọ.

Ohun tí ìwúwo yìí túmọ̀ sí hàn gbangba lọ́dọ̀ àwọn apẹja. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Èkìtì jẹ́ apá kan rẹ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni àwọn apẹja ń lò. Wọ́n mọ̀ pé ó ń mu epo gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó bá wúwo yóò rì ọkọ̀ kékeré mọ́lẹ̀, yóò sì gba àyè ẹja. Èyí tí ó fúyẹ́ ṣe é gbé sókè nígbà tí omi kò bá jìn, ó sì ṣe é tú kúrò lálẹ́ kí a gbé e lọ sílé kí olè má baà jí i. Àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá tí ń ti Èkó lọ sójú òkun fún ọjọ́ púpọ̀, dísù ni tiwọn. Ilé gàrí kì í lọ sí ibì kankan. A lè fi ẹ̀rọ onídísù mọ́ orí kọnkéré pẹ̀lú bóòtù, kí ó wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ sí etí odò ní ìgbà ẹ̀rùn, tí ó sì ń gbé ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn lórí ọ̀kadà, oníbẹntiróòlù ni ó yẹ é láìsí àríyànjiyàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó epo. Fún iṣẹ́ kan náà, bí ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù bá mu lítà mẹ́ta, onídísù kì í sábà mu ju nǹkan bí lítà méjì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ géérégé fún gbogbo ẹ̀rọ: oníbẹntiróòlù tuntun tí ó dára lè mu kéré sí i, ògbólógbòó a sì máa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó tó láti fi ṣe ìwọ̀n. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ sí ilé epo, kí ó béèrè iye owó lítà dísù méjì àti iye owó lítà bẹntiróòlù mẹ́ta, kí ó sì fi wọ́n wé ara wọn. Ní àárín ọdún 2022, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣì ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù, lítà rẹ̀ kan kò tí ì tó ₦200 ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, nígbà tí lítà dísù, tí kò ní ìrànwọ́ kankan, ti kọjá ₦700. Lítà dísù méjì nígbà náà ju lítà bẹntiróòlù mẹ́ta lọ ní ìlọ́po méjì, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn tí ó ní onídísù ń kérora. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, lítà bẹntiróòlù ti kọjá ₦600. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ibi púpọ̀. Láti ìgbà náà ni ìṣirò àtijọ́ ti yí padà, ẹni tí ó bá sì ń fi ọ̀rọ̀ ọdún 2022 gba ẹgbẹ́ níyànjú ń ṣì wọ́n lọ́nà.

Nítorí pé iye owó náírà kì í dúró lójú kan, ó sàn kí a fi lítà epo ṣe ìṣirò. Kí a sọ pé ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù kan ń mu lítà kan àti ààbọ̀ ní wákàtí kan, tí onídísù sì ń mu lítà kan, tí epo méjèèjì sì jẹ́ iye kan náà. Kí a tún sọ pé owó tí onídísù fi wọ́n ju èkejì lọ tó ra 300 lítà epo. Ààbọ̀ lítà ni ẹgbẹ́ yóò máa rí pamọ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wákàtí 600 ni yóò sì tó kí owó náà tó padà wọlé. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, yóò rí i gbà padà ní ọ̀sẹ̀ 50. Ẹgbẹ́ tí kò ní ju wákàtí méjì lọ ní ọ̀sẹ̀ kan yóò dúró fún ọ̀sẹ̀ 300, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́fà. Irú wọn ìbá ti fi owó náà ra agbada ìyangàrí tí ó dára. Bí lítà dísù bá fi ìdá kan nínú márùn-ún wọ́n ju bẹntiróòlù lọ, wákàtí 1,000 ni yóò gbà, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 83 fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Níbi tí iná mànàmáná bá ń dúró dáradára ní ojú ọ̀sán, ẹ̀rọ oníná borí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó mọ bí iná tiwọn ti rí.

Ọ̀ràn kan wà tí a kò lè fi lítà wọ̀n, òun ni ti iná ààrò. Ilé gàrí kì í ṣe ibi tí iná jìnnà sí. Bẹntiróòlù ń tú èéfín sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà, àní ní òwúrọ̀ tí ó tutù, èéfín náà a sì máa wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Yóò rọra fà lọ ní ilẹ̀, láìjẹ́ pé ojú rí i, títí yóò fi dé ibi ààrò, iná yóò sì padà sáré tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí kẹ́ẹ̀gì. Dísù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní í gba iná bí kò bá tíì gbóná tó ìwọ̀n 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá yan oníbẹntiróòlù gbọ́dọ̀ kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ, kí ó jìnnà sí ààrò, kí wọn má sì ṣe bu epo sí i nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ṣì gbóná. Èéfín ìdí ẹ̀rọ méjèèjì burú láti fà sí imú. Ti oníbẹntiróòlù lè pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì, kò sì ní òórùn tí yóò fi kìlọ̀; ti onídísù, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 2012 pé ó ń fa àrùn náà. Kí a fi páìpù gbé èéfín náà jáde kọjá òrùlé.

Onídísù ní àìlera tirẹ̀. Póm̀pù àti nọ́sù rẹ̀ kò fara da omi tàbí ìdọ̀tí rárá. Ní ìgbà òjò, omi a máa wọ inú dúrọ́ọ̀mù. Kí a jẹ́ kí epo náà sinmi mọ́jú, kí a bù ú láti òkè, kí a sì fi aṣọ tí ó mọ́ sẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ní ikùn omi tí ń mú wọn tutù, omi yìí a sì máa hó lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti bu omi sí i yóò sun písítìnì. Irin ìyí tí a fi ń ta á jí lè tàpá padà: kí àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kí ó má ṣe ká irin náà mọ́wọ́. Púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀ ti oníbẹntiróòlù, ẹni tí ń tún ọ̀kadà ṣe lè yẹ̀ wọ́n wò. Póm̀pù dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tó sanwó, kí wọn wádìí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe nítòsí àti ibi tí nọ́sù rẹ̀ wà fún títà. Ìlú Ògún ni Ìrè-Èkìtì í ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ ni ó mọ iṣẹ́ dísù.

Àwọn tí ó bá ń fi onídísù rọ́pò oníbẹntiróòlù gbọ́dọ̀ ro ọ̀rọ̀ púlì, ìyẹn àgbá irin tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí. Bí oníbẹntiróòlù tí ń yí ìgbà 3,600 bá ní púlì ínǹṣì mẹ́ta, tí ti ẹ̀rọ ìrin sì jẹ́ ínǹṣì mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ ìrin yóò máa yí ìgbà 1,200. Onídísù tí ń yí ìgbà 2,400 nílò púlì ínǹṣì mẹ́rin àti ààbọ̀ kí iṣẹ́ tó lè yá bákan náà. Àwọn kan a máa gbàgbé èyí, wọn a sì wá máa pariwo pé ẹ̀rọ tuntun kò lágbára.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹgbẹ́ fẹ́ rà, kí wọn dé ọ̀dọ̀ òǹtajà láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọn sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà kí a tó ta á jí. Bí ó bá ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí a ti lò ó kí wọn tó dé, kí ó má baà hàn pé ó ṣòro láti ta jí nígbà tí ó bá tutù. Kí wọn dúró kí ó tutù pátápátá. Èéfín funfun díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò burú. Èyí tí ó dúdú kìjikìji nígbà tí kò sí ẹrù lórí ẹ̀rọ ń sọ ti nọ́sù tí kò dára, a sì lè fi ìyẹn na owó rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èéfín náà bá dà bí aró tí kò sì dáwọ́ dúró, ọ́ìlì ni ó ń jó nínú rẹ̀. Kí wọn fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.