Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Ó Tú Àṣírí Aràn

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀tá ewúrẹ́ àti àgùntàn wa ń gbé inú ikùn wọn. Haemonchus ni àwọn onímọ̀ ń pe aràn náà. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Abo kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ẹran tí ó bá pọ̀ nínú rẹ̀ a máa rù, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ a funfun, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ a wú, ikú a sì tẹ̀lé e.

Ìṣòro ńlá ni pé ẹyin ọ̀pọ̀lọpọ̀ aràn jọ ara wọn. Ẹni tí ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìgbẹ́ ẹran kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé aràn báyìí ni ó yé e. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn bóyá ẹ̀yà kan ni Haemonchus contortus, tí ó wọ́pọ̀ nínú àgùntàn, àti Haemonchus placei, tí ó wọ́pọ̀ nínú màlúù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Àmì kékeré ni ó yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni DNA rí. Ó dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ sínú ara ohun ẹlẹ́mìí. Ní 1995, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà ka abala kan tí ó ní lẹ́tà 231 nínú DNA aràn méjèèjì. Lẹ́tà mẹ́ta ni ó yàtọ̀. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n!

Èrè wo ni ó wà níbẹ̀ fún ẹlẹ́ran? Ní 1961 ni oògùn thiabendazole jáde. Ní 1964, ìròyìn ti dé pé kò ran àwọn Haemonchus kan mọ́. Ìwádìí 1994 fi hàn pé ìyípadà kékeré kan nínú àbùdá aràn ni ó ń sọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ di omi lásán. Ẹni tí ó bá mọ èyí ṣáájú kò ní fi owó ra oògùn tí kò lè ṣiṣẹ́.

Láti 1924 ni ibùdó ìwádìí àrùn ẹran ti wà ní Vom, lórí òkè Plateau. Ilé wà, àwọn ọmọ tí yóò kún un ni ó kù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wọn ní lẹ́tà mẹ́rin yìí pẹ̀lú. Bí àwa kò bá ka ìwé tí ó wà nínú aràn ilẹ̀ wa, àlejò ni yóò máa kà á fún wa, iye tí ó bá sì wù ú ni yóò bù lé wa.